Ọ̀nà Tí Wọ́n Ní Kò Ju Wákàtí Mẹ́rìndínlógún Lọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná, kí n tó máa ṣàlàyé. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé Kálígárì ní ilẹ̀ Kánádà kò jìnnà sí Èkó, pé wákàtí mẹ́rìndínlógún péré ni bàálù ń lò lójú ọ̀run, màá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó ti ẹnu Àlhájà jáde. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí mo sọ ọ́ sí ti di àna mi báyìí, a sì ń kí ara wa.

Ọmọ Ìpele ni bàbá mi. Iṣẹ́ télọ̀ ló gbé e wá sí àárín ìlú Ọ̀wọ̀, ibẹ̀ náà ni èmi sì ti ń ta bọ́tìnnì, òwú, síìpù àti abẹ́rẹ́ fún àwọn aránṣọ títí di òní. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n ìdílé wa ní àṣà kan tí mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n ń dá nílé ẹlòmíràn. Bí ọkùnrin bá wá tọrọ ọmọ wa, obìnrin àgbà kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà ilé ọkọ náà lọ, kó sì rìn ín bọ̀. Kì í ṣe pé ó lọ wádìí ìwà wọn o. Àwọn mìíràn wà fún ìyẹn. Ọ̀nà ló lọ wò. Ibo ni èèyàn ti lè mu omi? Odò wo ló ń kún bí òjò bá rọ̀? Ilé ta ni èèyàn lè yà sí bí ilẹ̀ bá ṣú? Tó bá dé, yóò jókòó láàárín ẹbí, yóò ròyìn fún wọn. Lọ́jọ́ ìdána, kí a tó fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, olórí ẹbí yóò bi obìnrin yìí níṣojú gbogbo èèyàn pé, "Ṣé o mọ ọ̀nà ibẹ̀?" Tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, òun ni yóò di ọwọ́ ìyàwó mú, tí yóò fà á lé wọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ọmọ bá ké nílé ọkọ, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ń ṣe é nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹsẹ̀ ló fi rin ọ̀nà Ìdásẹ̀n, ẹsẹ̀ ló fi rin ọ̀nà Upẹnmẹ̀n, tí yóò dé tí yóò máa ròyìn òkúta tí èèyàn lè jókòó lé bí ẹni ń ròyìn ààfin. Nígbà tí eékún kò jẹ́ kó lè rìn mọ́, ó fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní èmi ni mo lẹ́nu jù nínú wọn, àti pé ẹni tó bá ń lọ gba ọmọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Èmi ni mo rin ọ̀nà Ifọ́n nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ ọmọ ibẹ̀. Mọ́tò ni mo wọ̀, mi ò ní parọ́. Ayé ti yàtọ̀, bí èèyàn bá ti fi ojú rí ọ̀nà, a gbà pé ó ti rìn ín. Kò pé ọdún kan tí wọ́n gbé ọmọ yẹn níyàwó tó fi pè mí, ó ní ọkọ òun na òun. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ti jókòó sí pálọ̀ wọn, mo so gèlè mọ́dìí. Ẹ bi ọkọ ọ̀hún lónìí bóyá ó tún gbọ́wọ́ sókè sí i. Ohun tí àṣà yẹn wà fún nìyẹn, kò wà fún ọ̀ṣọ́.

Ẹ wá gbọ́ o. Mo ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo. Ó kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ tí kò tíì mọ ojú ìyá rẹ̀ dáadáa. Èmi ni mo tọ́ ọmọ náà. Abẹ́ káńtà mi ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rá, bọ́tìnnì mi ló fi kọ́ ìṣirò, ẹ̀mejì ló sì gbé ọ̀kan mì tí gbogbo ọjà dìde. Màmá ló ń pè mí. Ó dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin tó wá fẹ́ ẹ, ọmọ Àkókó ni, ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ níbí ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, torí bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba níbí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ dáadáa ni. Ó ń kí èèyàn kó tó di pé èèyàn rí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà lára rẹ̀ ni pé Kálígárì ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì fẹ́ mú ọmọ mi lọ.

Lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn rẹ̀ kọ́kọ́ wá, olórí ẹbí wa, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ṣàlàyé àṣà wa fún wọn. Bàbá ọkọ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fa fóònù yọ lápò, ó fi ìka ra ojú rẹ̀, ó wá kà á jáde bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. "Láti Èkó dé Kálígárì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá kìlómítà. Wákàtí mẹ́rìndínlógún lójú ọ̀run, ẹ ó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú ọ̀nà. Àlhájà, ẹ ti rin ọ̀nà tán nìyẹn!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn èèyàn tiwa. Ó tún ní ọkọ̀ tó ń lọ láti Ọ̀wọ̀ dé Màídúgúrì gan-an ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n rò pé mi ò wọ bàálù rí. Mo ti lọ Mẹ́kà. Wọ́n ní wákàtí márùn-ún ni sí Jẹ́dà nígbà náà, òótọ́ sì ni, wákàtí márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n kí bàálù tó gbéra, a ti sùn sórí ẹní ní ibùdó àwọn tó ń lọ Hájì títí tí ẹ̀yìn fi ń dùn mí, wọ́n ti pe orúkọ wa, wọ́n ti ní a kò sí níbẹ̀, wọ́n ti tún pè é. Ìyá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní tí òun bá mọ̀ ni, òun ìbá ti fẹsẹ̀ rìn. Wákàtí tí bàálù ń lò, ti bàálù ni. Kí ló kan èèyàn níbẹ̀?

Mo ní, "Bàbá, bí wọ́n bá pè mí láti Màídúgúrì lónìí, màá wọ mọ́tò lónìí. Ta ló máa bi mí pé kí ni mo ń lọ ṣe?"

Ó ní, "Àlhájà, ayé ti lu jára."

Mo ní, "Ọ̀dọ̀ tiyín ló lu já sí. Kò tíì lu já dé ọ̀dọ̀ tiwa." Nígbà tó tún fẹ́ fi fóònù náà hàn mí, ìgbà yẹn ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wọlé lọ mu omi.

Ẹni tó bá mi gbà nínú gbogbo wọn ni ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi wọ inú ilé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ wá rìn ín. Màá fìwé pè yín, màá ra tíkẹ́ẹ̀tì yín." Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ń fúnni ní físà Kánádà ní kí n wá tẹ ìka ní Èkó. Ẹ wò ó, mo kúrò ní Ọ̀wọ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀, oòrùn ti wọ̀ kí n tó dé Èkó. Ọ̀nà já níbí, tírélà dúbú lọ́hùn-ún, àwọn agbófinró ní kí a sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí a wọlé, awakọ̀ ní òun fẹ́ jẹun. Ẹni tó wọ bàálù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ti dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ti jẹun, ó ti gbàgbé pé òun rìnrìn àjò. Èmi ṣì wà lórí ìjókòó tí írìn ń gún mi nídìí, ní orílẹ̀-èdè mi, mi ò tíì kúrò nílẹ̀ Yorùbá.

Mo tẹ ìka. Mo padà sílé. A dúró títí. Èsì dé: wọn kò fún mi ní físà. Mo ní kí ọmọ mi túmọ̀ ìdí rẹ̀ fún mi dáadáa, kì í ṣe pé mi ò lè ka òyìnbó, àfi pé ojú mi kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní kò dá wọn lójú pé màá kúrò ní ìlú wọn nígbà tí àsìkò mi bá pé.

Èmi! Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo ní ilé, tí mo ní àwọn télọ̀ tó jẹ́ pé bí mi ò bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ wọn á wá kanlẹ̀kùn ilé mi! Kí ni màá máa jẹ ní Kálígárì? Ta ni màá máa ta bọ́tìnnì fún nínú yìnyín? Mo lọ Mẹ́kà, ilẹ̀ mímọ́, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbàdúrà pé kí àwọn kú sí, mo sì padà wá sí Ọ̀wọ̀. Ṣé Kálígárì ló wá máa dá mi dúró? Mo sọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, títí àwọn oníbàárà mi fi ń ra òwú láìwọlé. Ọkọ ìyàwó tún fìwé ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo tún lọ, wọ́n tún kọ̀ fún mi.

Ọjọ́ ìdána wá ń sún mọ́lé. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí yàrá rẹ̀. "Tí mo bá bi ọ́ lọ́jọ́ náà," ó ní, "sọ pé o mọ̀ ọ́n. Jẹ́ ká máa bá ìgbà lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé irọ́ lẹ fẹ́ kí n pa níwájú Àlùfáà?"

"Kì í ṣe irọ́. Fóònù ti sọ ọ́ fún gbogbo wa."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tún dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ṣí fídíò kan fún mi lórí fóònù: títì Kálígárì, ilé, mọ́tò, yìnyín funfun bí ẹ̀lùbọ́ gbágùúdá. Ó ní tí mo bá ti wò ó tán, mo ti rìn ín nìyẹn. Mo ní kó wo fídíò ìrẹsì dípò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lónìí, kó wá sọ fún mi bóyá ó yó.

Gbogbo ìyẹn, mo lè gbé e jù sẹ́yìn. Ohun tí mi ò lè gbé jù sẹ́yìn ni ọmọ mi. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí kò sí oníbàárà, ó kúnlẹ̀ síbi tó máa ń jókòó sí ní kékeré. "Màmá, ẹ sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀ yín."

"Ṣé o mọ ohun tí mò ń jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀, Màmá."

"Bí o bá wá ké ńkọ́?"

Ó ní, "Mi ò ní ké."

Ọmọ tí mo tọ́! Ta ni kì í ké nílé ọkọ? Ilé ọkọ tó dùn bí oyin gan-an, a máa ń ké níbẹ̀ nígbà míràn. Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ gbé e pọ̀n. N kò ṣe èyíkéyìí. Mo ní kó dìde, kó má fi aṣọ gbálẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ ìdána pé. Gbogbo àgbàlá kún. Àlùfáà ti ṣe wàásù, wọ́n ti so yìgì, ó ku ká fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, kò wo ojú mi. "Ṣé o mọ ọ̀nà ibẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Gbogbo ibẹ̀ hó. Àwọn obìnrin ilé wa ń fa ìborùn mi. Bàbá ọkọ wúkọ́, ó ní, "Àlhájà, wákàtí mẹ́rìn..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Mo kọjú sí ọkọ ìyàwó. "Ìwọ lò ń gbé ibẹ̀. Má fi wákàtí bàálù dá mi lóhùn. Bí ọmọ yìí bá pè mí lónìí pé nǹkan ṣe òun, ìgbà wo ni màá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Ó wolẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo aṣọ òkè rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ò ní dé."

Bàbá rẹ̀ pariwo orúkọ rẹ̀. Ọkọ ìyàwó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn, ìwé mi kò tíì pé lọ́hùn-ún. Bí mo bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Gbogbo èèyàn ń sọ fún mi pé kí n máa bọ̀, wákàtí mẹ́rìndínlógún ni. Mi ò dé. Wọ́n sin ín, lórí fóònù ni mo ti wò ó. Mi ò lè sọ fún yín pé ẹ máa dé." Bàbá rẹ̀ fi agbádá bojú. Kò tún sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fóònù mọ́ nínú àgbàlá náà.

Inú mi kò rọ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé inú mi rọ̀. Inú ń bí mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àti àwọn tó ń ka kìlómítà, àti àwọn tó ń fúnni ní físà, àti ẹ̀gbọ́n mi, àti ọmọ mi pàápàá, ẹnì kan ṣoṣo ló sọ òótọ́ ọ̀nà yẹn fún mi. Mo wo ọmọ mi. Ó ń wò mí bó ṣe ń wò mí ní kékeré tó bá fẹ́ kí n gbà fún òun, tí kò sì fẹ́ bẹ̀bẹ̀ mọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù. Mo fà á lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, mo ní, "Ìwọ ni o ó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dípò mi," mo sì ṣàdúrà fún wọn. Kò sí ẹni tó rí i pé omi ń jáde lójú mi, torí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ń pín oúnjẹ jà.

Wọ́n lọ. Ọmọ mi ń pè mí, ó ń fi yìnyín hàn mí, ó ń fi yàrá hàn mí. Ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, mi ò lè pa irọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó lóyún, mo tún kọ̀wé sí àwọn tó ń fúnni ní físà pé mo fẹ́ wá wẹ ọmọ, torí ta ló máa wẹ̀ ẹ́? Wọ́n ní àwọn ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Oyún dàgbà, wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ rẹ̀ pè. Ohùn rẹ̀ kò já gaara. Ó ní wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyá wà láàyè, ọmọ kò dúró. Ó ní òun kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti àná. Ó ní ìyàwó òun kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, èmi nìkan ló ń pè. Ó gbé fóònù sí i létí. Kò sọ pé kí n wá. Ó kàn ń sọ pé, "Màmá. Màmá. Màmá."

Mo ní, "Èmi nìyí." Mo ní, "Mò ń bọ̀."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo kó ọṣẹ dúdú, òrí, ata gígún àti aṣọ ìró méjì sínú báàgì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkàn mi kò tilẹ̀ bi mí léèrè ohunkóhun, ẹsẹ̀ mi ló ń lọ, bó ṣe máa ń lọ bí wọ́n bá pè mí. Àfi bí mo ṣe rí ara mi ní gáréèjì.

Ọkùnrin kan nínú àwọn tó ń pe èrò sáré wá, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi. "Àlhájà, ibo lẹ̀ ń lọ?"

Mo já báàgì mi gbà. Mo fi èdè Ọ̀wọ̀ bú u, mo bú mọ́tò rẹ̀, mo bú ẹni tó la ọ̀nà tó ń gbà. Ó dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò bínú. Mo rò pé ó ti rí ojú mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ẹ sáà sọ ibi tí ẹ̀ ń lọ, kí n bá yín wá ọkọ̀."

Ọkọ̀ Àkúrẹ́ kún, ó lọ. Ọkọ̀ Èkó kún, ó lọ. Ọkùnrin náà ṣì dúró tì mí, ó ń retí kí n dárúkọ ibi kan.